Ẹ Má Dúró Dìgbà Tí Kòtò Bá Wó: Ìkìlọ̀ fún Àwọn Tó Ń Ṣiṣẹ́ Nísàlẹ̀ Ilẹ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, mo jókòó ti bàbá kan lórí pèpéle ilé wọn, lẹ́bàá ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti Màpó lọ sí Ọjà'ba n'Ìbàdàn. Ọmọdébìnrin kan gbé píọ̀wọ́tà tútù wá fún wọn. Bàbá gbà á, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fi eyín ya ọ̀rá náà, ó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sí oòrùn. Ìka mẹ́ta ti funfun láti orí èékánná dé oríkèé kejì, bí ìgbà tí ènìyàn ki ìka bọ inú ẹfun. Àwọn ìka yòókù dúdú bó ṣe yẹ.

"Bàbá, kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

"Ẹ̀rọ tí a fi ń lu òkúta ní Gánà ni, ọmọ mi. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ò tíì fi mí sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ni mo gbé tọ ẹ̀yin ará Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Màpó àti Bẹ́yẹrúnkà wá. Bí kòtò bá wó lu ènìyàn, gbogbo ayé á gbọ́. Rédíò á sọ ọ́, àwọn ìjòyè á ránṣẹ́ ìbánikẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ohun tí kòtò ń ṣe sí iṣan ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn ẹni tó jáde láàyè kì í pariwo. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, lẹ́yìn ogún ọdún, wọ́n á ní ẹ̀gbà dá a, tàbí pé ó sùn kò jí. Kò ní sẹ́ni tó máa rántí kòtò. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn?

Ẹnìkan lè bi mí pé, ta ló ń wa kùsà lábẹ́ òkè Màpó? Kò sí. Àwọn ọmọ wa ló ń lọ. Nípìnlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí, wọ́n ń wa òkúta iyebíye àti lítíọ́mù ní Kòmu, wọ́n ń wa òkúta iyebíye ní Olóde. Lápá Iléṣà, góòlù ni wọ́n ń wá ní Ìtagúnmodì àti àwọn abúlé tó yí i ká. Àwọn mìíràn gba Gánà lọ, níbi tí ilé iṣẹ́ ńlá ti ń wa góòlù Obuasi láti 1897. Ọ̀nà Gánà kì í ṣe ọ̀nà tuntun fún Yorùbá. Àwọn bàbá wa ti rìn ín dópin kí òfin ìjọba Busia ní Gánà tó lé àwọn àlejò jáde ní 1969.

Ó tún kan àwọn tí wọn kò kúrò nílé rárá. Agbẹ́kànga tó ń gbẹ́ kànga nínú agboolé, ẹni tó ń gbẹ́ ṣọ́kàwéè, ẹni tó ń wọ inú kànga àtijọ́ lọ kó ẹrẹ̀ rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀rùn: iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń ṣe, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ pè wọ́n ní awakùsà. Ẹ sì rántí alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìíní 2024, nígbà tí ìbúgbàmù Bódìjà mi Ìbàdàn tìtì. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kòtò tó wà lóko lè wọ̀lú.

Èéfín tí imú kò mọ̀

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látinú kànga, torí ojú gbogbo wa ló ń ṣe.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sábà máa ń gbẹ́ kànga, nígbà tí omi bá ti fà sẹ́yìn. Agbẹ́kànga á gbẹ́ ẹ títí dé ibi tí omi ti ń sun, omi á sì máa da iṣẹ́ rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Pọ́ǹpù kékeré onípẹtiróòlù tó bá dúró lókè kò lè fa omi tó jìn ju nǹkan bíi mítà méje sí mẹ́jọ lọ, bó ti wù kó lágbára tó. Kí ni wọ́n á ṣe? Wọ́n á so pọ́ǹpù mókùn, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀ sínú kànga, wọ́n á tàn án níbẹ̀. Ikú ni wọ́n tàn yẹn.

Èéfín kan wà nínú èéfín ẹ́ńjìnnì tí a kì í rí, tí a kì í gbóòórùn rẹ̀. Carbon monoxide lorúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ohun pupa kan wà tó ń ru afẹ́fẹ́ ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Ẹ fi í wé alábàárù Ọjà'ba. Carbon monoxide á gorí alábàárù yìí kí ọ́síjìn tó débẹ̀, torí pé ó ń lẹ̀ mọ́ ọn ní ìlọ́po tó ju 200 ti ọ́síjìn lọ. Alábàárù ṣì ń rìn, orí rẹ̀ kò ṣófo, àmọ́ ẹrù tó rù kò wúlò fún oníbàárà kankan. Ọkàn tí kì í sinmi tọ̀sán-tòru wà lára àwọn tí ebi á kọ́kọ́ pa. Orí á máa fọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀, ojú á máa kọ́ ọ, orúnkún á yẹ̀. Ẹnì kejì á bẹ́ wọlé láti gbé e, òun náà á ṣubú lé e lórí. Báyìí ni kànga kan ṣe ń gba ẹni mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Ní 1896, Dókítà John Scott Haldane ṣàlàyé ohun tó rí lára òkú àwọn awakùsà èédú tó bá ìbúgbàmù lọ ní ilẹ̀ Wales: iná kọ́ ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, carbon monoxide ni. Òun ló dá a lábàá pé kí wọ́n máa gbé ẹyẹ kékeré dání sọ̀kalẹ̀, torí ẹyẹ á ṣubú kí ènìyàn tó mọ̀ ọ́n lára. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lo ẹyẹ bẹ́ẹ̀ títí di 1986, kí ẹ̀rọ tó gbapò rẹ̀.

Àwọn agbẹ́kànga mìíràn máa ń sọ àtùpà kalẹ̀ láti dán kànga wò. Ẹ gbọ́ mi o: àtùpà kò tó. Lóòótọ́, yóò kú bí ọ́síjìn bá ti wọ́n jù, ṣùgbọ́n ó lè máa jó geere nínú carbon monoxide tó ti tó pa ènìyàn. Ẹni tí wọ́n bá sì fà jáde láàyè, bó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò. Èéfín yìí lè ṣe ọkàn léṣe láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ náà.

Eruku tó ń rìn dé ọkàn

Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé eruku òkúta ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé kì í dúró síbẹ̀. Nínú òkúta funfun tí góòlù máa ń fara pamọ́ sí, ohun tí wọ́n ń pè ní sílíkà pọ̀. Bí díríìlì tàbí òòlù bá fọ́ ọ, èyí tó wúwo nínú eruku rẹ̀ á balẹ̀, a ó rí i lára aṣọ. Èyí tó lè pani ni èyí tó fúyẹ́ débi tí ojú kò fi rí i. Ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ, á dá ọgbẹ́ síbẹ̀, ọgbẹ́ á di àpá, àpá á le. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó gba ibẹ̀ kọjá á fún pọ̀.

Ọkàn ní apá ọ̀tún àti apá òsì. Apá ọ̀tún ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, iṣẹ́ fúyẹ́fúyẹ́ sì ni Ọlọ́run dá a fún. Bí ọ̀nà bá ti fún, ó di dandan kó máa fi agídí tì í. Lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ikùn á wú, ẹni náà kò ní lè gun òkè Màpó láìdúró mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n á ní ọjọ́ ogbó ni. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta ni.

Ní ilẹ̀ Ṣáínà, àwọn olùwádìí tẹ̀ lé òṣìṣẹ́ 74,040 láti 1960 títí dé 2003, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ awakùsà. Nígbà tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2012, àrùn ọkàn wà lára ohun tó ń pa àwọn tó fa eruku sílíkà sínú ju àwọn tí kò fà á lọ. Ní Gúúsù Áfíríkà, ní ọdún 2018, àwọn ilé iṣẹ́ góòlù kan gbà láti san owó fún àwọn òṣìṣẹ́ tí eruku ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti padà sí abúlé wọn ní Lesotho àti ibòmíràn kí àìsàn tó yọjú. Kòtò ti bá wọn délé.

Díríìlì, òógùn àti ariwo

Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ti ẹni tó ń di díríìlì mú yàtọ̀: èékánná tirẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń tán. Gbígbọ̀n ẹ̀rọ náà, wákàtí lé wákàtí, ọdún lé ọdún, ló ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ inú ìka àti iṣan tó fi ń mọ nǹkan lára jẹ́. Bí òtútù bá kan ìka bẹ́ẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ á pa dé, ìka á funfun, á kú tipiri. Ní 1918, Dókítà Alice Hamilton lọ sí Bedford ní ìpínlẹ̀ Indiana, Amẹ́ríkà, lọ wo àwọn agbẹ́kùúta tó ń lo òòlù aláfẹ́fẹ́. Ohun tó rí lọ́wọ́ wọn láàárọ̀ òtútù ni èmi náà rí lọ́wọ́ bàbá lọ́jọ́ ọyẹ́. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rí i lọ́wọ́ ara rẹ̀, kó tètè fi díríìlì sílẹ̀. Bí ó bá ti wọra tán, ó ṣòro kó padà.

Ooru tún wà níbẹ̀. Nínú ihò tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́, òógùn ń jáde ṣùgbọ́n kì í gbẹ, ara kì í tutù. Omi ara á dín kù, ẹ̀jẹ̀ á ki, ọkàn á máa sáré láti tì í. Ẹ wá fi ariwo ẹ̀rọ kún un, ẹ fi àìsùn òru kún un. Méjèèjì ń mú kí ara wà ní ìmúra ìjà nígbà gbogbo, ẹ̀jẹ̀ á sì máa ru díẹ̀díẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ara á máa ro wọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà. Wọ́n á da páráàgà mu, wọ́n á gbé tírámádọ̀ mì, tàbí kí wọ́n máa ra ìbúpírófẹ́nì àti dáíkílófẹ́nákì lójoojúmọ́ bí ẹni ra gúgúrú. Àwọn oògùn ara ríro méjì ìkẹyìn yìí lè mú ẹ̀jẹ̀ ru, wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá lára ẹni tí kò mu omi tó. Ẹni tó ti kòtò jáde pẹ̀lú ọkàn tó ti rẹ̀, ó tún gbé ẹrù mìíràn lé e lórí.

Òjé àti ẹ̀tù

Ní 2010, ní àwọn abúlé kan nípìnlẹ̀ Zamfara, àwọn awakùsà góòlù gbé òkúta wálé, wọ́n lọ̀ ọ́ bí ẹni lọ ata. Wọn kò mọ̀ pé òjé kún inú rẹ̀. Ó lé ní 400 ọmọdé tó kú. Ti àwọn ọmọdé ni gbogbo ayé gbọ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òjé tó wọ ara àgbàlagbà náà kì í jókòó lásán. Ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Inú egungun ló ń sá pamọ́ sí, á sì máa jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, aṣọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ bá aṣọ ọmọ nínú agbada kan náà, òkúta tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kan ẹ̀rọ ata.

Ẹ̀tù pàápàá mọ ọ̀nà iṣan ẹ̀jẹ̀. Nitroglycerin, tí Alfred Nobel fi ṣe dánámáìtì, máa ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń po ó á fi ọjọ́ mẹ́fà mọ́ ọn lára. Bí wọ́n bá wá jókòó sílé lópin ọ̀sẹ̀, iṣan á fún pọ̀ lójijì. Àwọn kan nínú wọn kú lójijì kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, láìjẹ́ pé ọkàn wọn ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Nobel fúnra rẹ̀, kó tó kú ní 1896, nitroglycerin yìí kan náà ni dókítà ní kó máa lò fún ọkàn rẹ̀. Ohun tó lè fọ́ òkúta kò lè ṣàì fọwọ́ kan ẹran ara.

Ìbàdàn ti mọ ọ̀tá yìí

Ẹ̀gbà, tàbí rọpárọsẹ̀, kì í ṣe àlejò ní Ìbàdàn. Láàárín 1973 sí 1975, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù nílùú yìí sínú ìwé, ọ̀kan lára irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó kọ́kọ́ wà nílẹ̀ Áfíríkà. Ní 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti ilé ìwòsàn UCH àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí mìíràn jáde, èyí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà lórí àwọn tó ní rọpárọsẹ̀ tó lé ní 2,000 àti iye kan náà tí kò ní in. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbapò kìíní nínú ohun tó ń fà á. Àìjẹ ẹ̀fọ́ tútù, bíbu iyọ̀ sórí oúnjẹ tó ti jinná, ìdààmú ọkàn, àtọ̀gbẹ àti sìgá náà wà níbẹ̀. Ohun tí a lè tún ṣe sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹ wò ó báyìí: ọmọ Ìbàdàn tó lọ síbi ìwakùsà ti gbé ewu ẹ̀jẹ̀ ríru kan dání láti ilé, kòtò wá fi tirẹ̀ lé e. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ohun tó yẹ ká ṣe

1. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀kalẹ̀, kó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ilé ìwòsàn àdúgbò ń ṣe é. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, ẹ gbé apá lé tábìlì, ẹ má sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lọ bá dókítà. Ẹ má dúró de orí fífọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn.

2. Ẹ́ńjìnnì kankan kò gbọdọ̀ wọ inú kànga tàbí ihò, ì báà ṣe jẹnẹrétọ̀ tàbí pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù oníná tó ń mu omi látìsàlẹ̀ wà. Ẹ háyà rẹ̀, kí jẹnẹrétọ̀ tó ń fún un níná jìnnà sí ẹnu kànga.

3. Okùn gbọdọ̀ wà lára ẹni tó wà nísàlẹ̀ nígbà gbogbo, kí ẹni tó dì í mú lókè má sì kúrò níbẹ̀. Bí ẹni ìsàlẹ̀ bá dákẹ́, ẹ fà á. Ẹ má bẹ́ wọlé.

4. Ẹ máa da omi sí ojú òkúta kí ẹ tó lu ú. Áńkáṣíìfù tí a so mọ́ imú kì í dá eruku sílíkà dúró. Ìbomú tí a ṣe fún eruku ni kí ẹ wá.

5. Ẹ máa mu ife omi kan láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20 nígbà iṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kó di pé òùngbẹ ń gbẹ yín.

6. Ẹ dín iyọ̀ àti mágí kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má ju ṣíbí tíì kan lọ lóòjọ́, gbogbo èyí tó wà nínú ọbẹ̀ sì ni wọ́n kà pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, gbúre àti ewédú pọ̀ ju ẹran lọ nínú àwo.

7. Ẹni tí dókítà bá fún lóògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó máa lò ó lọ bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ yá. Ẹ má yá oògùn ara yín lò. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ sọ fún dókítà.

8. Bí ẹnu ẹnìkan bá wọ́ lójijì, tí apá kan kò gbé sókè, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, ẹ gbé e lọ sí UCH tàbí ilé ìwòsàn ńlá tó bá súnmọ́ yín lójú ẹsẹ̀. Ẹ má rọ epo sí i lẹ́nu, ẹ má da omi sí i lára, ẹ má sì kọ́kọ́ máa wá ẹni tó ta á lọ́fà. Bákan náà ni ti ẹni tí àyà ń dùn bí ẹni pé wọ́n gbé ọlọ lé e.

9. Ẹni tí ilé iṣẹ́ gbà síṣẹ́, kó mọ̀ pé Òfin Ẹ̀san Òṣìṣẹ́ ti 2010 ka àìsàn tí iṣẹ́ fà mọ́ ohun tí wọ́n gbọdọ̀ san owó lé lórí. Àjọ NSITF ló ń bójú tó o. Ẹ tọ́jú ìwé dókítà yín.

Mo padà sórí pèpéle bàbá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo bi wọ́n pé ta ló ń di okùn mú lókè nígbà tí wọ́n wà nísàlẹ̀. Wọ́n ní àbúrò wọn ni, kò jẹ́ fi okùn sílẹ̀, bí òjò bá ń rọ̀ pàápàá. Mo ní lẹ́yìn tí ẹ jáde ńkọ́? Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Àbí kí ló tún fẹ́ fi okùn ṣe?"

Okùn yẹn gan-an ni mo ń bẹ̀ yín sí, ẹ̀yin ìyàwó, ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin àbúrò. Bí ẹni yín bá ti Kòmu dé lọ́jọ́ Sátidé, tó wẹ̀, tó jẹ àmàlà tán, kí ẹ tó bi í léèrè ohun tó mú bọ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: ìgbà wo lo wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ kẹ́yìn?